Inverter ní bátìrì ti kú? Ẹ má tíì náwó

Bí àwa tó ń lo sólà nílé bá ti pàdé, ẹjọ́ kan náà là ń rò fún ara wa. Iná ń jó geere, fíríìjì ní kóun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ báyìí, inverter, ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di iná ilé, figbe ta, ó ní bátìrì ti lọ sílẹ̀, ilé ṣókùnkùn. Kíá ni ẹ ó gbọ́ pé: "Bátìrì yẹn ti kú, ẹ lọ ra òmíràn." Àwọn oníṣẹ́ iná kan tilẹ̀ máa ń sọ ọ́ kí wọ́n tó ṣí àpótí irinṣẹ́ wọn.

Lọ́pọ̀ ìgbà, irọ́ ni. Inverter kò rí inú bátìrì. Volt, ìyẹn agbára tó ń ti iná, tó dé ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ ló ń wọ̀n, lẹ́yìn tí iná ti gba inú wáyà, fíúsì àti gbogbo ojú ìsopọ̀ kọjá. Èyí tó bá sọnù lójú ọ̀nà, ọrùn bátìrì ló máa fi kọ́. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹnu inverter nìkan la sì fi ń dá bátìrì lẹ́bi.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní 1,800 watt ni ẹrù, ìyẹn gbogbo ohun tó ń lo iná, tó wà lórí inverter oní 12 volt. Ó kéré tán, 150 amp, ìyẹn ìwọ̀n iná tó ń ṣàn, ló ń gba inú wáyà bátìrì kọjá. Bí wáyà náà bá jẹ́ bàbà 10 mm², tó gùn ní mítà méjì ní àlọ àti méjì ní àbọ̀, ó máa jẹ nǹkan bíi volt kan. Bátìrì tó wà ní 11.9 lábẹ́ ẹrù ti di 10.9 nìyẹn. Ojú ìsopọ̀ kan tí kò fún dáadáa lè jẹ ìdajì volt sí i, ó di 10.4. Ọ̀pọ̀ inverter oní 12 volt ló sì máa ń pa ara rẹ̀ ní nǹkan bíi 10.5. Bátìrì ṣì ní agbára nínú, ilé ti ṣókùnkùn. Wáyà 35 mm² lójú ọ̀nà kan náà kò ní jẹ ju 0.3 volt lọ.

Ìdí tó fi máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí fíríìjì bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ náà nìyẹn: mọ́tò inú rẹ̀ máa ń fa ọ̀pọ̀ ìlọ́po iná tó ń lò, fún ìṣẹ́jú àáyá péré. Àwọn tó ń lo 48 volt kì í sábà rí irú wàhálà yìí, torí pé 37.5 amp ni 1,800 watt kan náà máa fà lọ́dọ̀ tiwọn, ooru inú wáyà á sì dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún.

Mítà kékeré tí wọ́n fi ń wọn volt ti tó láti tú àṣírí. Ẹ tan ohun tó wúwo, kí ó máa ṣiṣẹ́ lọ. Ẹ fi ẹnu mítà kan orí òjé bátìrì fúnra rẹ̀, ìyẹn orí tí wọ́n ń so wáyà mọ́, kì í ṣe irin ẹnu wáyà tó wà lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn ẹnu inverter. Bí ti bátìrì bá jẹ́ 11.9 tí ti inverter jẹ́ 10.4, ojú ọ̀nà ni olè wà. Bí orí bátìrì gan-an bá já wálẹ̀, a jẹ́ pé ó jẹ̀bi lóòótọ́. Tí wọ́n bá so bátìrì mélòó kan tẹ̀ léra wọn, ẹ wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, torí ọ̀kan ṣoṣo lè máa fa ìyókù lulẹ̀. Ẹ má wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tí iná ti lọ o. Bátìrì tó ti bàjẹ́ náà máa ń gbéra padà sókè bí ẹrù bá ti kúrò lórí rẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ wò ni wọ́ṣà. Ẹ tú nọ́ọ̀tì orí bátìrì. Irin ẹnu wáyà ló yẹ kó jókòó lé òjé ní tààrà, kí wọ́ṣà wà lórí rẹ̀, kí nọ́ọ̀tì wá tẹ̀ ẹ́. Àwọn kan á ti wọ́ṣà bọ àárín, gbogbo 150 amp á wá máa gba inú irin pẹlẹbẹ yẹn kọjá. Ibi tó ń jẹ ìdajì volt níbẹ̀ máa ń tú ooru tó ju ti gílóòbù 60 watt lọ, ìdí nìyẹn tí rọ́bà ẹnu wáyà fi ń dúdú.

Wáyà náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ẹ fi ọ̀bẹ ha okùn kan nínú rẹ̀. Bí funfun bá yọ lábẹ́ pupa, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò ni, kò sì lè gbé iná tó ojúlówó bàbà.

Kí ẹ tó fún ohunkóhun, ẹ pa inverter, ẹ já páńẹ́lì, ẹ bọ́ òrùka àti aago ọwọ́, ẹ fi téèpù wé ọwọ́ sípánà. Òjé máa ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ nọ́ọ̀tì, nítorí náà ẹ tún un fún lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àwọn tó sì ti fi ìbínú ra bátìrì lithium, tí wọ́n wá so ó mọ́ wáyà àtijọ́, igbe kan náà ni inverter wọn ṣì ń ké.