Ẹ má sọ fún àbúrò mi pé kó fi oògùn ẹ̀ sílẹ̀

Àwọn tó fẹ́ràn àbúrò mi jù ló máa ń sọ ọ́ fún un: “Ara ẹ kúkú ti yá. Kí lo tún ń lo oògùn sí?” Ẹ̀gbọ́n wa sọ ọ́ láti Lọ́ńdọ̀nù. Màmá sọ ọ́ ju gbogbo wa lọ. Èmi náà ti sọ ọ́ rí, ìyẹn ló ń dùn mí tí mo fi ń kọ èyí.

Ọmọ ọdún 21 ni nígbà tí àìsàn ọpọlọ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kì í wẹ̀ mọ́, kì í gbé fóònù, á máa rìn káàkiri pálọ̀ lóru. Lọ́jọ́ kan ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n pa fáànù, pé àwọn tó ń bá òun wí wà nínú ẹ̀, wọn ò sì gbọ́dọ̀ gbọ́ ohun tóun fẹ́ sọ fún mi.

Ilé àdúrà la kọ́kọ́ gbé e lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi gbààwẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí kò rí oorun sùn, tó ń gbóhùn, a tún wá ń febi pa á. Mi ò lè bú ẹnikẹ́ni, àwa la gbé e lọ.

Dókítà ní schizophrenia ni, àìsàn ọpọlọ tó lè mú kéèyàn máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì ò gbọ́. Àdúgbò ní wèrè ni, wọ́n sì fi ìdájọ́ kún un, pé wèrè tó bá ti wọjà ò ṣeé wò mọ́. Irọ́ ni. Oògùn tí wọ́n fún un máa ń dín agbára èròjà kan tó ń jẹ́ dopamine kù nínú ọpọlọ. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ó ní àwọn ohùn náà ṣì wà o, àmọ́ ó dà bíi pé rédíò ilé kejì ló ń sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n dákẹ́. Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tó ti ń kọ́ṣẹ́.

Ìgbà yẹn la ní kó fi oògùn sílẹ̀. Ohun tó ń tan èèyàn jẹ ni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ọ̀sẹ̀ kan lọ, oṣù kan lọ, a ń dúpẹ́. Nínú oṣù kẹta, ó kọ oúnjẹ tí Màmá sè, ó ní májèlé wà nínú ẹ̀. Màmá tó bí i lọ́mọ. Tọ̀tẹ̀ yìí le ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì pẹ́ kó tó rọlẹ̀.

Mi ò ní parọ́ fún yín, oògùn náà ń ni ín lára. Itọ́ ń dà lẹ́nu ẹ̀ lóru, ara ẹ̀ gan, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n, bẹ́ẹ̀ télọ̀ ni. Ẹni tó bá ní ó sú òun nítorí èyí, mi ò dá a lẹ́bi. Àmọ́ dókítà ni kó lọ bá. Wọ́n dín ti àbúrò mi kù, wọ́n tún pààrọ̀ ẹ̀. Abẹ́rẹ́ ni báyìí, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, ó sì ti ń fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ ìránṣọ fúnra ẹ̀.

Ẹ máa ń fi Árò, ilé ìwòsàn àìsàn ọpọlọ tó wà l’Abẹ́òkúta, búni. Ṣé ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀? Ní 1954, Dókítà Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn aláìsàn wọ̀ sọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tó wà nítòsí ilé ìwòsàn náà, dípò kí wọ́n tì wọ́n mọ́lé. Wọ́n á gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn, wọ́n á padà sáàárín èèyàn. Ìbátan kan sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé aláìsàn wá, ì báà ṣe ìyá, ì báà ṣe ẹ̀gbọ́n, tí yóò máa se oúnjẹ, tí yóò máa fọṣọ.

Ìbátan yẹn ni mo fẹ́ ká jẹ́. Ẹ bá a ka ọjọ́ abẹ́rẹ́. Ẹ fún un lówó ọkọ̀. Ẹ máa kíyè sí oorun ẹ̀, torí nílé tiwa, oorun ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́.

Lọ́dún tó kọjá, Màmá tún fẹ́ sọ ọ́. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tiwọn wà lọ́wọ́ wọn, èyí tí wọ́n ti ń lò láti nǹkan bí ọdún 15. Wọ́n wo oògùn yẹn, wọ́n wo àbúrò mi, wọn ò sọ nǹkan kan mọ́. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni abẹ́rẹ́ ẹ̀. Màmá ló máa bá a lọ.