Èsì wa sí ẹ̀gbọ́n wa tí bíréèkì MX-5 wọn rọ̀ lórí pápá

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú ewu. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ẹ dé ilé láìfarapa. Ẹ kọ ọ́ pé ẹ gbé Mazda MX-5 yín wá sí gàráàjì wa ní Ouando, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), kí a lè tọ́jú rẹ̀ kí a sì tò ó fún ọjọ́ tí ẹ ó fi ọkọ̀ sá eré lórí pápá, pé ẹ san 60.000 fáránkì, pé bíréèkì le dáadáa nígbà tí ẹ gba ọkọ̀ lọ́wọ́ wa, àmọ́ nígbà tí ẹ dé ìyípo kẹrin, ẹsẹ̀ bíréèkì wọlẹ̀ pátápátá, ọkọ̀ kò sì dúró títí ẹ fi jáde sí orí koríko. Ẹ tún kọ ọ́ pé ẹ̀yìn ọkọ̀ ń yọ̀ bí ẹni tó ń rìn lórí ọbẹ̀ ilá, àti pé láti ọjọ́ náà ni orí ọkọ̀ ti ń yà síhìn-ín sọ́hùn-ún ní ọ̀nà Kútọnu. Ẹ fún wa ní ìràwọ̀ méjì. Mo fẹ́ dáhùn ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní gbangba, nítorí pé gbangba ni ẹ ti sọ ọ́, àti nítorí pé èyí tó wúwo jù nínú wọn, ẹ̀bi wa ni.

Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ yín tó jẹ́ kí n mọ ibi tí ó ti bàjẹ́ kí n tó fi ojú kan ọkọ̀ náà rárá. Ẹ ní nígbà tí ẹ gbé e sílẹ̀ fún bíi wákàtí kan, ẹsẹ̀ bíréèkì tún padà le, ẹ sì wà á dé ilé láìsí ìyọnu. Bí ó bá jẹ́ pé ọ́ìlì ń jò ni, kò ní padà le bẹ́ẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé páàdì bíréèkì, èyí tí àwa ń pè ní plákẹ́ẹ̀tì ní gàráàjì, ni ooru borí, ẹsẹ̀ bíréèkì ì bá le bí òkúta lábẹ́ bàtà yín, kí ọkọ̀ náà má sì dúró síbẹ̀. Tiyín rọ̀, ó sì tún padà le. Ọ́ìlì bíréèkì tó hó nínú kálípà, irin tó ń ti páàdì mọ́ dísìkì (àwo irin tó ń yí pẹ̀lú táyà), ni ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ́ìlì kì í sún kì, ìdí nìyẹn tí agbára ẹsẹ̀ yín fi ń dé ọ̀dọ̀ páàdì láìdín. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti hó, oru á wà láàárín rẹ̀, oru sì ń sún kì, gbogbo agbára tí ẹ fi tẹ̀ ẹ́ á wá tán sórí oru yẹn kí ó tó dé ọ̀dọ̀ dísìkì. Nígbà tí ohun gbogbo bá tutù, oru náà á padà di omi, ẹsẹ̀ bíréèkì á sì dúró le bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ọkọ̀ yín fúyẹ́; pẹ̀lú ẹ̀yin tí ẹ jókòó sínú rẹ̀, kò jù bíi 1.100 kìlógíráàmù lọ. Síbẹ̀, nígbà tí ẹ bá ń sá 120 kìlómítà ní wákàtí kan, tí ẹ sì fi bíréèkì fà á wálẹ̀ sí 60 kí ẹ tó wọ kọ́nà, ooru tí àwọn dísìkì àti páàdì gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yẹn tó láti mú nǹkan bíi lítà kan ààbọ̀ omi inú àmù dé ibi tí yóò ti máa hó. Nígboro, afẹ́fẹ́ á ti fẹ́ sí dísìkì kí ẹ tó tún ṣe irú rẹ̀. Lórí pápá, gbogbo kọ́nà ni, kò sì sí ìsinmi láàárín.

Ọ́ìlì bíréèkì oríṣi DOT 4, bí ó bá jẹ́ tuntun, kò gbọ́dọ̀ hó kí ó tó dé 230 dígírì. Àmọ́ ó máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́ bí iyọ̀ tí a kò dé, bí omi inú rẹ̀ bá sì ti dé 3,7 nínú ọgọ́rùn-ún, ohun tí òfin béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju 155 dígírì lọ mọ́. Àjàṣẹ́ wa yìí, tí ọ̀sà wà níwájú rẹ̀ tí òkun kò sì jìnnà sí i, kì í ṣe ìlú tí irú ọ́ìlì bẹ́ẹ̀ lè wà ní ṣíṣí pẹ́. Nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ yín, mo pe ọmọ iṣẹ́ tó ṣe bíréèkì yín, mo ní kó mú ike ọ́ìlì tó lò wá. Ike lítà kan ni. A ti ṣí i láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ó ti lé ní oṣù mẹ́ta kí ó tó kan ọkọ̀ yín, ìdérí rẹ̀ kò sì mú dáadáa. A ti ẹ̀rọ ìwọ̀n bọ ohun tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀, iná pupa tàn: omi inú rẹ̀ ti kọjá ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ìwé owó tí a fún yín sọ pé a pààrọ̀ ọ́ìlì bíréèkì, lóòótọ́ ni a sì pààrọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí a rọ sínú rẹ̀ lè má sàn ju ohun tí a tú dànù lọ. Ọmọ náà kò mọ̀. Èmi tí mo jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ló yẹ kí n ti kọ́ ọ, nítorí náà mo bẹ gbogbo ẹni tó ń ka èyí pé kí wọ́n má di ẹ̀bi náà ru ọmọdé. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. A ti pe àwọn oníbàárà mẹ́ta mìíràn tí a lo ike kan náà fún, a sì ti tún tiwọn ṣe.

A ó dá 15.000 fáránkì iṣẹ́ bíréèkì padà fún yín. A ó tún fọ gbogbo ọ̀nà ọ́ìlì náà láìgba kọ́bọ̀, láti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún tó jìnnà jù, títí dé ẹsẹ̀ iwájú lọ́wọ́ òsì, láti inú ike kékeré tí a óò ṣí lójú yín. DOT 5.1 ni mo fẹ́ lò: 260 dígírì ni nígbà tí ó bá gbẹ, 180 nígbà tí ó bá ti fa omi, ó sì bá DOT 4 mu. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta DOT 5 lásán fún yín ní ipò rẹ̀. Orúkọ wọn jọra, àmọ́ sílíkóònù ni ìyẹn, kò sì gbọ́dọ̀ dà pọ̀ mọ́ èyí tó wà nínú ọkọ̀ yín.

Ẹ béèrè bóyá páàdì eré ìje ni ó yẹ kí a ti tà fún yín. Rárá o. Irú páàdì bẹ́ẹ̀ kì í mú dáadáa àfi tí ó bá ti gbóná, ẹ̀yin sì ń fi ọkọ̀ kan náà lọ síbi iṣẹ́. Mi ò fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ tẹ bíréèkì ní oríta Ouando ní aago méje àárọ̀, láàárín àwọn oní-zémidjan, àwọn ọlọ́kadà wa, kí ó má mú.

Ní ti ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ń yọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé kò ti ọ̀dọ̀ wa wá. Báà 1,8 (báà ni a fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́ inú táyà) ni a fi sínú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nígbà tí wọ́n tutù, èyí kan náà tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà ní kí a fi sí i. Ẹ kọ ọ́ fúnra yín pé ẹni tó ń fẹ́ táyà lẹ́bàá ọ̀nà sọ fún yín pé ó ti kéré jù, ó sì gbé e sí 2,4. Inú rere ló fi ṣe é, àmọ́ kò mọ ibi tí ẹ ń lọ. Afẹ́fẹ́ inú táyà máa ń wú bí ó bá gbóná. Bí táyà bá kúrò ní 30 dígírì tó dé 75, báà 1,8 á di nǹkan bíi 2,2, èyí tó dára fún ọkọ̀ fífúyẹ́ bí irú èyí. 2,4 á di 2,9, àárín táyà nìkan ni yóò sì máa fi gbogbo ara tẹ ilẹ̀. Nígbà mìíràn, ẹ mú géèjì tiyín dání, kí ẹ wọn táyà ní kété tí ẹ bá jáde kúrò lórí pápá, kí ẹ tú díẹ̀ nínú rẹ̀ bí ó bá ti pọ̀ jù. Ẹ tún lè fi ẹfun fa ìlà láti èjìká táyà wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó wọlé: ibi tí ẹfun bá ti pa rẹ́ dé ni táyà tẹ̀ dé. Bí ó bá kù lórí èjìká, afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù. Bí ó bá sì pa rẹ́ títí wọ ẹ̀gbẹ́, ó ti kéré jù. Mo fẹ́ràn ẹfun yìí gan-an, nítorí pé kì í purọ́.

Ti orí ọkọ̀ tó ń yà kúrò lójú ọ̀nà, àwa méjèèjì la ni ín. Ẹ ní ẹ fẹ́ kí ó máa tètè wọ kọ́nà, nítorí náà a jẹ́ kí iwájú táyà iwájú méjèèjì kọjú síta díẹ̀, mìlímítà kan ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó dùn lórí pápá, àmọ́ ní ọ̀nà Kútọnu tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń gba, gbogbo ìlà tí táyà bá bá nílẹ̀ ni yóò fẹ́ tẹ̀ lé. Ó yẹ kí n ti sọ ìyẹn fún yín kí ẹ tó gbé ọkọ̀ lọ. A ó dá a padà kí ó kọjú síwájú gan-an, iṣẹ́ wákàtí kan ni, a kò sì ní gba owó rẹ̀. Bí ẹ bá tún ń lọ sí pápá, ẹ kàn sọ fún wa ní ọjọ́ méjì ṣáájú.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Ẹ ní bí ọkọ̀ ti dúró ní ìyípo kẹrin náà, ẹ fa bíréèkì ọwọ́. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Kódà pẹ̀lú ọ́ìlì tó dára jù, ẹ fi ìyípo ìkẹyìn rìn jẹ́jẹ́ kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí dísìkì, kí ẹ fi ọkọ̀ sí jíà, kí ẹ fi òkúta ti táyà, nítorí pé páàdì tó bá di dísìkì gbígbóná mú yóò máa rán ooru rẹ̀ lọ tààrà sínú ọ́ìlì.

Ẹ rọra wa ọkọ̀ náà wá lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ láàárọ̀, kí oòrùn tó mú. Títí di ìgbà náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé e kọjá ìgboro Àjàṣẹ́. Bí ẹ kò bá lè wá, ẹ pe nọ́ńbà tó wà lórí ìwé owó yín, èmi fúnra mi yóò gbé ike ọ́ìlì àti irinṣẹ́ wá sí ilé yín.