Oṣù Keje kọ́ ni 401(k) yín ń di ọ̀tun

Láàárín àwa tá à ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà, gbogbo ẹnu ló ń sọ ọ́: bí 401(k), ìyẹn ètò ìfẹ̀yìntì ibi iṣẹ́ tí wọ́n ń yọ owó sí látinú owó iṣẹ́ yín, bá ń bẹ̀rẹ̀ ọdún tirẹ̀ ní oṣù Keje, a jẹ́ pé oṣù Keje náà ni gbèdéke owó tẹ́ ẹ lè fi síbẹ̀ ń tún bẹ̀rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Àbúrò kan gbé e wá bá mi ní kíṣìnì ní 2025. Ó ti fi ófátáìmù ṣe ara ẹ̀ léṣe, $23,500 tó jẹ́ gbèdéke ọdún náà sì ti pé kí oṣù Kẹfà tó parí. Ló bá na ìwé ètò ibi iṣẹ́ wọn sí mi, ó fi ìka lé ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ọjọ́ 1 oṣù Keje ni ọdún ètò bẹ̀rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò rí i? Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo máa tún bẹ̀rẹ̀." Mo ní kó lọ mú W-2 rẹ̀ ti 2024 wá, ìyẹn ìwé tí ibi iṣẹ́ fi ń ròyìn owó iṣẹ́ àti owó orí ọdún kan, kó wo àpótí 12, níbi tí lẹ́tà D, àmì owó 401(k), wà. Iye kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, oṣù Kíní sí oṣù Kejìlá ni wọ́n sì kà pọ̀.

Ara ẹni ni òfin so gbèdéke yẹn mọ́, kò so ó mọ́ ilé iṣẹ́. Ọdún owó orí yín, oṣù Kíní sí oṣù Kejìlá, ló ń bá rìn. $23,000 ni fún 2024, $23,500 fún 2025, $24,500 fún 2026. Bó bá wu ọ̀gá yín, kó bẹ̀rẹ̀ ọdún ètò tiẹ̀ lọ́jọ́ ọdún Egúngún, iye yẹn ò ní yí padà.

Ẹ jẹ́ ká yí i wò láti apá kejì, torí ibẹ̀ ló ti máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Ẹni tó fi $23,000 síbẹ̀ láàárín oṣù Keje sí oṣù Kejìlá 2024, tó tún fi $23,500 síbẹ̀ láti oṣù Kíní sí oṣù Kẹfà 2025, ti kó $46,500 sínú ọdún ètò kan ṣoṣo. Kò sì rú gbèdéke yìí.

Ohun tó da ọ̀rọ̀ rú ni pé àwọn gbèdéke mìíràn wà tí wọ́n ń tẹ̀ lé ọdún ètò lóòótọ́, kálukú sì gba ọ̀nà tiẹ̀. Gbèdéke àpapọ̀ owó tí ẹ̀yin àti ọ̀gá yín ń fi síbẹ̀ ń lo iye ti ọdún tí ọdún ìṣirò ètò náà parí sí. Tó bá parí ní oṣù Kẹfà 2025, $70,000 ni. Ṣùgbọ́n gbèdéke iye owó iṣẹ́ yín tí ètò náà lè fi ṣe ìṣirò ń lo ti ọdún tí ọdún ètò bẹ̀rẹ̀: $345,000, ti 2024. Ètò kan náà o! Ẹni tó kọ òfin yìí ò ro ti wa.

Ibi tó ti ń dunni jù ni iṣẹ́ méjì. Ọ́fíìsì tó ń sanwó yín sábà máa ń dá owó dúró fúnra rẹ̀ tó bá ti pé, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn kejì ò mọ ohun tẹ́ ẹ fi sí ti àkọ́kọ́. 401(k) níbí, 403(b), ètò irú rẹ̀ ní àwọn ilé ìwòsàn tí kì í ṣe ti èrè, lọ́hùn-ún, gbèdéke kan náà ni àwọn méjèèjì ń pín. 457(b), ètò ìfẹ̀yìntì mìíràn tí àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba máa ń ní, nìkan ló ní tiẹ̀ lọ́tọ̀.

Tó bá ti kọjá ààlà, ẹ tètè kọ̀wé sí ọ̀kan nínú àwọn ètò náà kí wọ́n dá àlékún yẹn àti èrè orí rẹ̀ padà kó tó di ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e. Tí ọjọ́ yẹn bá kọjá, ẹ máa san owó orí lé e ní ọdún tẹ́ ẹ fi síbẹ̀, ẹ ó sì tún san án lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá gbà á jáde.