Quetiapine kì í ṣe oògùn oorun lásán
Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ kiri láàárín àwa ará Ọ̀ffà, pé quetiapine ní ìwọ̀n kékeré kò léwu, pé kí àgbàlagbà tí kò róorun sùn máa rà á ní kẹ́míìsì, kò tọ̀nà rárá. Oògùn àrùn ọpọlọ bíi schizophrenia ni. Lóòótọ́ ni oorun máa ń kun ẹni tó bá lò ó, ṣùgbọ́n ó tún lè mú un sanra, kí ó gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sókè, kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì já wálẹ̀ nígbà tó bá dìde lóru láti lọ tọ̀, èyí tó lè gbé arúgbó ṣubú (egungun ìbàdí tó bá sì ṣẹ́ lọ́jọ́ ogbó kì í tètè san). Láti ọdún 2005 ni àjọ FDA, tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ti kìlọ̀ pé irú oògùn yìí ń fi kún ewu ikú fún àwọn arúgbó tó ní àrùn ìgbàgbé. Ẹni tó bá ti ń lò ó, kí ó má ṣe dá a dúró lójijì láìkọ́kọ́ rí dókítà.