Àtúnṣe: Sísáré lọ sí Sofia kò sọ yín di Silver mọ́

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp láàárín àwọn ará wa ní London: ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì bísíńẹ́ẹ̀sì tí kò wọ́n lọ sí Sofia, olú ìlú Bulgaria, ẹ sáré lọ, ẹ sáré bọ̀, ẹ ṣe é bí ìgbà mélòó kan, British Airways á fún yín ní Silver, ìyẹn ọ̀kan lára àwọn ipò tí wọ́n ń fún oníbàárà tó ń wọ ọkọ̀ òfurufú wọn déédéé. Kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́ kò parọ́ o. Tẹ́lẹ̀, bí ọ̀nà ṣe jìn sí àti irú ìjókòó tí ẹ rà ni wọ́n fi ń ka tier points, ìyẹn póíǹtì tí ẹ fi ń dé ipò, 600 sì tó fún Silver. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2025, owó tí ẹ ná lórí tíkẹ́ẹ̀tì wọn ni wọ́n ń wò: pọ́n-ùn kan, póíǹtì kan. Silver ti di 7,500, Gold tó ga jù ú lọ sì jẹ́ 20,000. Wọn kì í sì í ka owó orí ìjọba mọ́ ọn. Ká ní tíkẹ́ẹ̀tì yín jẹ́ £300, tí £80 nínú rẹ̀ jẹ́ owó orí, 220 péré lẹ máa rí. Ẹ wá ṣírò iye ìgbà tí ẹ máa rí Sofia!

Avios, póíǹtì wọn mìíràn, tún yàtọ̀. Ìyẹn wà fún ríra tíkẹ́ẹ̀tì. Kò sọ ẹnikẹ́ni di Silver.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wọ ìkànnì British Airways, ẹ ka òfin The British Airways Club, ẹgbẹ́ àwọn oníbàárà wọn, fúnra yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí gbogbo ibi tí ti àkọ́kọ́ dé, pàápàá sí ẹni tó ti ń wá tíkẹ́ẹ̀tì kiri.