“N Kò Ta Nǹkan Kan, Nítorí Náà N Kò Ní Ìwé GST Láti Ṣe”: Èrò Tí Ó Ń Kó Oníṣòwò Sí Gbèsè

Èrò kan ti rìn jìnnà láàárín àwọn oníṣòwò ní àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń gba owó orí lórí ọjà àti iṣẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní GST (Goods and Services Tax). Wọ́n gbà pé bí oṣù bá parí, tàbí tí oṣù mẹ́ta bá pé, tí ènìyàn kò sì ta ohunkóhun, ìjọba kò retí ìwé kankan lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé kò jẹ owó kankan. Àwọn olóòótọ́ ènìyàn tí kì í fi owó orí ṣeré ni wọ́n ń sọ ọ́ jù, ìdí sì nìyí tí ó fi ń dùn mí nígbà tí mo bá rí ohun tí ó ń kó bá wọn. Èrò náà kò tọ̀nà. Ẹni tí ó bá ti forúkọ sílẹ̀ fún GST gbọ́dọ̀ fi ìwé ìṣirò ránṣẹ́ fún gbogbo sáà tí wọ́n là sílẹ̀ fún un, ì báà jẹ́ òdo ni gbogbo ohun tí yóò kọ sínú rẹ̀.

Ohun tí ó ń da ọ̀rọ̀ náà rú ni pé ojúṣe méjì ni wọ́n ń pè ní ọ̀kan. Owó sísan dá lórí ohun tí ẹ tà, ṣùgbọ́n ìforúkọsílẹ̀ ni ó bí ìwé ṣíṣe. Ní Ọsirélíà, ẹni tí ọjà rẹ̀ bá tó 75,000 dọ́là wọn lọ́dún gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀. Ní New Zealand, 60,000 dọ́là tiwọn ni. Ní Singapore, ó di mílíọ̀nù kan dọ́là wọn. Ẹni tí kò bá tó ìwọ̀n yìí tí kò sì forúkọ sílẹ̀ kò ní ìwé GST tí yóò ṣe, mo sì gbà pé láti ọ̀dọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ràn náà ti ń jáde: ó ń sọ ti ara rẹ̀, ẹni tí ó ti forúkọ sílẹ̀ sì ń gbà á bí ẹni pé tirẹ̀ ni. Ẹni tí ó fínnúfíndọ̀ forúkọ sílẹ̀, bí ọjà rẹ̀ tilẹ̀ kéré, ti bọ́ sábẹ́ òfin kan náà.

Àwọn tí ó ń gba owó orí kò lè mọ̀ pé òdo ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yín dúró fún. Ohun tí wọ́n rí kò ju pé ọjọ́ kọjá, ìwé kò dé. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ni dákẹ́. Ní Singapore, ìwé tí ó bá pẹ́ ń fa ìtanràn 200 dọ́là lójú ẹsẹ̀, òmíràn sì ń gun orí rẹ̀ ní gbogbo oṣù kan tí ó bá pé, títí yóò fi di 10,000 dọ́là lórí ìwé kan ṣoṣo. Yàtọ̀ sí èyí, wọ́n lè fojú bu iye owó orí tí wọ́n rò pé ẹ jẹ, kí wọ́n sì ní kí ẹ san án, àfi ìgbà tí ẹ bá fi ojúlówó ìwé ránṣẹ́ ni wọn yóò tó tún un ṣe. Ní Íńdíà, ìtanràn ìwé olódo fúyẹ́ ju ti àwọn yòókù lọ, ó jẹ́ rúpì 20 lójúmọ́, kò sì lè kọjá 500 lórí ìwé kan, síbẹ̀ owó tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni san rárá ni.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ nípa Kánádà, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn tí ń gbè sẹ́yìn èrò yìí máa ń tọ́ka sí. Bí ìwé bá pẹ́ níbẹ̀, tí kò sì sí owó tí ẹ jẹ, wọn kì í bu ìtanràn ìpẹ́ lé e. Àmọ́ pé kò sí ìtanràn kò túmọ̀ sí pé kò sí ojúṣe: bí wọ́n bá kọ̀wé pé kí ẹ mú un wá tí ẹ kò sì mú un wá, ìtanràn 250 dọ́là wà fún èyí.

Ṣùgbọ́n ibi tí èrò náà ti ń ṣe ìpalára jù kò kan ìtanràn rárá. Sáà tí ẹ kò ta nǹkan kan lè jẹ́ sáà tí ìjọba jẹ yín lówó, nítorí pé ẹni tí ó ti forúkọ sílẹ̀ lè gba owó orí tí ó san lórí ohun tí ó rà fún iṣẹ́ rẹ̀ padà. Ẹ wo ẹni tí ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fọ́tò ní Ọsirélíà, tí ó ti forúkọ sílẹ̀, tí ó sì ra kámẹ́rà ní 2,200 dọ́là ní oṣù kọkànlá. Ìdá mẹ́wàá iye ọjà ni GST tí wọ́n ń fi lé e níbẹ̀, nítorí náà 2,000 dọ́là nínú owó yẹn jẹ́ ti kámẹ́rà, 200 sì jẹ́ owó orí. Títí tí oṣù kejìlá fi parí, oníbàárà kankan kò tíì dé. Ìwé sáà yẹn gbọ́dọ̀ wọlé kí ọjọ́ 28 oṣù kejì tó kọjá: lójú ibi tí wọ́n kọ G1 sí, èyí tí ó jẹ́ ti àpapọ̀ ọjà tí a tà, òdo ni yóò kọ, ní 1A, owó orí lórí ohun tí a tà, òdo ni, ní 1B, owó orí lórí ohun tí a rà, 200 ni. Gbogbo 200 náà yóò padà sọ́dọ̀ rẹ̀, bí kò bá ti jẹ ìjọba ní gbèsè mìíràn, tí ìwé ẹ̀rí owó orí tí ẹni tí ó ta kámẹ́rà fún un sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá jókòó tí ó ní “n kò tajà”, òun fúnra rẹ̀ ni ó há owó ara rẹ̀ mọ́. Tí ọdún mẹ́rin bá sì kọjá, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sí i ti lọ nìyẹn.

Ní Íńdíà, oṣù kan tí a fò lè ba ti èyí tí ó tẹ̀ lé e jẹ́. Àwọn tí ń ṣe ìwé lóṣooṣù níbẹ̀ ń fi GSTR-1, ìwé tí ó to ọjà tí wọ́n tà, ránṣẹ́ kí ọjọ́ 11 oṣù tí ó tẹ̀ lé e tó kọjá, wọ́n sì ń fi GSTR-3B, ìwé àkópọ̀ tí wọ́n fi ń ṣírò owó orí, ránṣẹ́ kí ọjọ́ 20 tó kọjá. Bí GSTR-3B oṣù tí ọjà kò tà kò bá wọlé, ẹ̀rọ kò ní gba GSTR-1 oṣù tí ó tẹ̀ lé e, ì báà jẹ́ pé ọjà ti ń tà wìtìwìtì nígbà náà. Ẹni tí ó ra ọjà lọ́wọ́ yín yóò wá owó orí tí ó san fún yín lórí àkọsílẹ̀ rẹ̀, kò ní rí i, kò sì ní lè yọ ọ́ kúrò nínú èyí tí òun náà jẹ. Irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Bí ó bá sì di oṣù mẹ́fà léra tí ìwé kò dé, wọ́n lágbára láti fagi lé ìforúkọsílẹ̀ yín.

Ìwé olódo kò sì le. Láti ọdún 2020 ni Íńdíà ti ń gba GSTR-3B olódo lórí àtẹ̀jíṣẹ́ fóònù. Ní Ọsirélíà, ènìyàn lè fi ìpè fóònù ṣe é. Ẹni tí ọjà rẹ̀ kì í yá lè béèrè bóyá sáà gígùn wà fún un: ní New Zealand, ẹni tí ọjà rẹ̀ kò tó 500,000 dọ́là lọ́dún lè yàn láti máa ṣe é ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Bí iṣẹ́ náà bá ti parí pátápátá, ẹ fagi lé ìforúkọsílẹ̀ náà. Ní Ọsirélíà, ọjọ́ 21 ni wọ́n fún yín láti ṣe èyí, ìwé ìkẹyìn sì ṣì wà láti ṣe, nítorí pé ọjà àti irinṣẹ́ tí ó ṣẹ́ kù lè ní owó orí nínú tí ẹ gbọ́dọ̀ dá padà. Ẹni tí ìwé rẹ̀ ti wọ́ jọ, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí ó pẹ́ jù.