Ta Ló Ṣe Òfin Náà?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló bi mí ní ìbéèrè yìí lálẹ́ ọjọ́ Sátidé. Àwa méjèèjì la jọ wo apá tó kẹ́yìn nínú Star Trek àkọ́kọ́, eré tẹlifíṣọ̀n nípa àwọn tó ń fi ọkọ̀ rìn láàárín ìràwọ̀, èyí tí wọ́n gbé sórí afẹ́fẹ́ ní Amẹ́ríkà lọ́jọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 1969. Ó ní, "Àǹtí, ta ló ní kí obìnrin má ṣe ọ̀gá ọkọ̀?" Mi ò rí èsì fún un, ọ̀rọ̀ náà ò sì tíì kúrò lọ́kàn mi.

Mo fẹ́ràn eré yìí púpọ̀. Ayé tó fi hàn wá, nǹkan bí 300 ọdún sígbà tí wọ́n ṣe é, jẹ́ ayé tí aráyé ti jáwọ́ nínú à ń bá ara wọn jà, tí obìnrin aláwọ̀ dúdú, ará Rọ́ṣíà àti ọmọ ìran Éṣíà jọ ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ kan ṣoṣo láàárín ìràwọ̀. Ṣùgbọ́n nínú apá tí mò ń sọ yìí, obìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Janice Lester, kọjú sí Kirk tó jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀, ó ní ayé àwọn ọ̀gá ọkọ̀ kò gba obìnrin, pé ìrẹ́jẹ ni. Kirk gan-an gbà pé ìrẹ́jẹ ni. Janice wá fi ẹ̀rọ kan gba ara Kirk, ó gbé tirẹ̀ fún un, ó sì lọ jókòó sórí àga náà.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é lẹ́yìn náà. Wọ́n sọ ọ́ di wèrè. Ó ń jágbe mọ́ àwọn òṣìṣẹ́, ó ní kí wọ́n lọ pa àwọn tó ta kò ó, àṣírí tú, ó bú sẹ́kún bí ọmọdé, wọ́n sì mú un lọ. Kirk mí kanlẹ̀, ó ní ayé obìnrin náà ì bá kún bíi ti obìnrin yòówù, ká ní... Ibẹ̀ ló dákẹ́ sí. Ká ní kí ni? Ká ní kò fẹ́ jẹ ọ̀gá?

Mi ò gbè sẹ́yìn Janice o. Ó pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n àwọn tó kọ ìtàn náà ló yàn án pé apànìyàn ni kí obìnrin tó bèèrè ipò jẹ́. Nínú gbogbo ọkọ̀ náà, kò sẹ́ni tó bi òfin léèrè ohunkóhun. Ọ̀rọ̀ orí obìnrin nìkan ni wọ́n ń yẹ̀ wò.

Àwọn kan á ní bí ayé ṣe rí nígbà náà nìyẹn. Rárá. Lọ́dún 1963, Valentina Tereshkova ti Soviet Union ti dá nìkan wà nínú ọkọ̀ Vostok 6, ó yí ayé po nígbà 48. Àwọn tó ń fojú inú wo 300 ọdún síwájú kò fi ti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ṣe. Kódà nínú apá àdánwò tí wọ́n kọ́kọ́ yà, obìnrin ni igbákejì ọ̀gá ọkọ̀, Majel Barrett ló ṣe é. NBC, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó máa gbé e sáfẹ́fẹ́, kò gba apá náà. Nígbà tí wọ́n máa tún un ṣe, obìnrin yẹn ò sí níbẹ̀ mọ́. Ìtàn tí àwọn tó wà níbẹ̀ sọ nípa ìdí rẹ̀ kò bára mu.

Mo wá rántí Ishka. Inú Deep Space Nine, Star Trek mìíràn tó wá lẹ́yìn, ló wà, lọ́dún 1995, ó jẹ́ ìyá Quark, Ferengi kan tó wà nínú eré náà. Ẹ̀yà oníṣòwò ni àwọn Ferengi, èrè ni ẹ̀sìn wọn, àmọ́ òfin wọn ni pé obìnrin kò gbọdọ̀ jèrè, kò gbọdọ̀ wọ aṣọ rárá, òun ni yóò sì fi eyín rún oúnjẹ kó tó gbé e fún ọkùnrin. Ọkọ Ishka tó kú kò mọ òwò. Òun ló mọ̀ ọ́n. Ó wọ aṣọ, ó dá òwò sílẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́, ó sì jèrè gọbọi. Ìjọba ní kó fọwọ́ sí ìwé pé òun jẹ̀bi, ọmọ bíbí inú rẹ̀ ni wọ́n sì rán sí i. Ó fọwọ́ sí i nígbẹ̀yìn, ó dá apá kan owó náà padà, ó fi èyí tó pọ̀ jù pamọ́. Àwa tó jẹ́ pé owó ọjà ìyá wa ló rán wa nílé ìwé, ṣé a lè wo èyí kó má wọ̀ wá lára? Kò sẹ́ni tó pe Ishka ní wèrè. Òfin ni wọ́n jẹ́ ká fi ṣe ẹlẹ́yà. Lóòótọ́, lọ́dún 1998 wọ́n gbé ọ̀rọ̀ kan náà padà, wọ́n wọ Quark láṣọ obìnrin fún ẹ̀rín, wọ́n sì ba nǹkan jẹ́, ṣùgbọ́n ti Ishka ò parẹ́.

Ẹni tó wá yà mí lẹ́nu jù ni Nichelle Nichols tó ṣe Uhura, obìnrin aláwọ̀ dúdú inú Star Trek àkọ́kọ́. Lójú eré, iṣẹ́ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju kó gbọ́ ìpè kó sì jẹ́ iṣẹ́ fún ọ̀gá. Ó ti fẹ́ fi í sílẹ̀ lẹ́yìn sáà àkọ́kọ́, Martin Luther King ló ní kó má lọ. Ohun tí Janice sọ, òótọ́ ni lọ́dọ̀ NASA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rán ènìyàn lọ sí òfuurufú: nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yan àwọn tó máa lọ lọ́dún 1959, àwọn ológun tó ń dán bàálù wò nìkan ni wọ́n ń mú, bẹ́ẹ̀ àwọn ológun kì í fi obìnrin sídìí iṣẹ́ yẹn. Lọ́dún 1977, Nichols bá NASA ṣiṣẹ́, ó ń lọ káàkiri, ó ń pe obìnrin àti aláwọ̀ dúdú pé kí wọ́n wá forúkọ sílẹ̀. Nínú ènìyàn 35 tí NASA mú lọ́dún 1978, obìnrin mẹ́fà ló wà níbẹ̀, àwọn àkọ́kọ́. Ọpọlọ tí obìnrin ní lọ́dún 1959 náà ni wọ́n ní lọ́dún 1978.

Lọ́dún 1992, Mae Jemison di obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó dé gbalasa òfuurufú. Uhura tó wò ní kékeré wà lára ohun tó gbé e débẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e, òun fúnra rẹ̀ ṣeré nínú Star Trek, Nichols sì wá síbi tí wọ́n ti ń yà á kó lè fojú rí i.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, Ishka la máa wò. Mo ti sọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pé kó mú ìbéèrè rẹ̀ dání.